Àìsàn Tòótọ́ Ni Lọ́tẹ̀ Yìí

Bàbá mi, ọlọ́kọ̀ Píjò,

Èmi ni. Ẹ máa dá ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ̀, torí kò tíì dára sí i láti ìgbà tí ẹ ti ń bínú sí i. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, nítorí náà bí mo bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fojú fò ó. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n máa kọ̀wé nígbàkúùgbà tí inú mi ò bá dùn. Mo ti kọ ìwé kan kún. Èyí yàtọ̀ o. Inú mi dùn lónìí, mo sì ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Etí Màmá ti kún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú, kí ó tán kíákíá. Mo ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ ni wọ́n pè é, kókó ọrùn mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì sunkún níbi tí ẹ wà yẹn. Ẹ ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀ ná.

Ṣé ẹ rántí ìrẹsì? Ẹ rántí bí ẹ ṣe yọ gbogbo fóòmù inú ìjókòó ẹ̀yìn Píjò, tí ẹ ń to ìrẹsì fàyàwọ́ tó ti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ wá sínú ihò rẹ̀, tí ẹ tún to òmíràn sórí, tí ẹ wá ta aṣọ Màmá lé e, tí ẹ ní kí n sùn sí i? Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kérora. Ẹ ní kí n má pariwo, pé ẹni tí ara ń ni gan-an kì í pariwo, kí n fa èémí, kí n dá a dúró díẹ̀, kí n tó tú u sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé nígbà tí a bá fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, inú á ti máa run èmi gan-an. Wọ́n á yọjú wò mí, wọ́n á ní, “Ẹ gbé e lọ, ẹ gbé e lọ, ẹ má jẹ́ kó kú sọ́wọ́ wa!” Tí a bá dé Ayétòrò, ẹ ó ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná fún mi. Ẹ ó ní, “Aláìsàn mi, jẹun.” Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ mi lára nìyẹn. Gbogbo agbo ilé ló gbà á lẹ́nu yín.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo kọ̀, mo ní mi ò sùn lórí ìrẹsì mọ́. Mo tún sọ lójú àwọn èèyàn pé kí ẹ má pè mí ní Aláìsàn mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó dáa. Ẹ ò sì pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ṣubú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí ẹ ò dìde. Mo ń retí pé ẹ ó gbàgbé, kí ẹ tún pè mí lẹ́ẹ̀kan. Kí ló dé tí ẹ fi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí kókó yìí yọ, tí ibà ń mú mi, tí mo ń làágùn bí ẹni wẹ odò, mo dùbúlẹ̀, mo ní mi ò lè lọ hó ẹ̀gẹ́. Ẹ mọ ohun tí Màmá sọ? Ó ní, “Dìde níbẹ̀ jàre. Bàbá ẹ ti kú, kò sí ìrẹsì lábẹ́ ẹní yẹn.” Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Ìgbà tí kókó náà tó àgbálùmọ̀ ni Màmá tó ké. Títí di òní, bí ó bá rántí, á fi ojú pamọ́ sínú ìborùn rẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà jù. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò sọ fún un nìyí, Bàbá, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: mo rò pé irọ́ yẹn ló wá mi wálé. Mo rò pé àìsàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yín lójoojúmọ́, ó wá jẹ́ ìpè wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo bínú sí yín nítorí ẹ̀. Mo bínú sí yín gan-an.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń tọ́jú mi. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni, ìgbà mẹ́fà. Oògùn kan wà tó pupa bí omi ìṣapá, wọ́n ń fà á sínú iṣan ọwọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Irun mi lọ. Irun ìpéǹpéjú mi náà lọ, ojú mi wá rí bíi ti alángbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín.

A ti ṣe mẹ́ta nígbà tí nǹkan dàrú. Wọ́n ti ti bodè. Ẹ ò ní gbà á gbọ́ tí ẹ bá rí Ìwòyè wa yìí, bodè tí à ń gbà jẹun, ṣe ló dákẹ́ lọ bí ọjà tó tú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí àwọn ìlú tó sún mọ́ bodè mọ́. Ilé epo tì pa. Ọjọ́ tí ó yẹ kí n gba ìkẹrin dé, kò sí epo nínú ọkọ̀ kankan, ọjọ́ náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Dókítà sọ fún Màmá lórí fóònù pé bí a bá tún pa ọjọ́ mìíràn jẹ, kókó yìí á jí, á sì ya olórí kunkun. Ó dá ọjọ́ mìíràn fún wa. Ó ní kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Mo ní kò burú, kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo kọjú sí ògiri, mo ń ṣe ìbínú mi.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, obìnrin tó ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò, ló kọ́kọ́ dé. Ó fa epo inú ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ìgò kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Màmá. Ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀, kó wá ọlọ.” Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ mú ti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá. Ó wo orí mi, ó ní, “Oògùn yìí mà gé irun jù mí lọ o, ṣe ni kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.” Ọlọ́kadà wá. Agégẹdú wá. Mọ́ṣáláṣí fún wa ní epo tí wọ́n fi ń tan makirofóònù, Ládàánì wá ń fi ẹnu lásán pe ìrun títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, wọ́n ní àwọn ò lè gbẹ̀yìn, wọ́n gbé tiwọn wá. Àbúrò yín obìnrin, Àǹtí Ráfíà, odidi ọjọ́ kan ló fi rin ọ̀nà oko láti Kétu lọ́hùn-ún, tòun ti ìgò epo lábẹ́ ẹ̀fọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ nínú agbọ̀n. Epo Nàìjíríà tó sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀, ó tún sá padà wálé! Ó gbá mi mọ́ra, ó ń pariwo, “Bọ́ŋ kuráàjì, màdámúsẹ̀ẹ̀lì!” Kí n ṣọkàn gírí ló ń wí, bẹ́ẹ̀ èdè Faransé tó gbọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Ìgò mẹ́rìnlélógún ni. Màmá ní kí n kọ orúkọ onígò kọ̀ọ̀kan sára ìgò rẹ̀, torí pé a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kí a má mọ ẹni tó ni ohun èlò. Mo kọ ọ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tẹ̀lé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo ti ń kọ ọ́ ni ìbínú ti yọ lára mi láìsọ fún mi.

Bọ̀dá Sùlé, ọmọ iṣẹ́ yín, ló ń wa Píjò báyìí. Táǹkì yẹn ṣì ń jò bí ó bá kún, nítorí náà ó rọ ìdajì sí i, ó fi ìdajì sílẹ̀ nínú ìgò pé a ó máa rọ ọ́ lọ́nà. Ṣé ẹ mọ ibi tó kó ìgò wọ̀nyẹn sí? Inú ihò ìjókòó ẹ̀yìn! Kò ronú kàn án rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹrù tí gbogbo ìlú mọ̀, ó lọ fi pa mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

A kọjá Ìmẹ̀kọ, àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró. Ọ̀gá kan tó ga, tó ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ló ń bọ̀. Mo dá a mọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn tẹ́lẹ̀, wọ́n tún dá a padà nítorí bodè tí wọ́n tì.

“Píjò yìí,” ó ní, “mo mọ Píjò yìí.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. “Kódà mo mọ ọmọ yìí. Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì gbádùn láti ọdún yẹn?”

Bọ̀dá Sùlé na káàdì ọsibítù sí i. Kò gbà á. “Bàbá yẹn náà máa ń ní káàdì. Káàdì tiẹ̀ pọ̀ ju ti dókítà lọ. Òun dà?”

“Wọ́n ti kú, sà,” mo dá a lóhùn.

“Ó ti kú rí,” ó ní. “Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó nínú ọkọ̀ yìí. Mo tiẹ̀ ṣí fìlà, mo ṣàdúrà sí i lórí.”

Bàbá! Ṣé òótọ́ ni? Mo wo Màmá, Màmá ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni.

Wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ká ìjókòó sókè, ìgò epo méjìlá ń dán. Àwọn yòókù sáré wá. Wọ́n ní àwọn olówò epo nìyí, wọ́n ń fi ọmọ ṣe àìsàn. Màmá kúnlẹ̀. Oòrùn ń gòkè, tí a bá sì dé ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sán, wọn kì í po oògùn yẹn mọ́. Bọ̀dá Sùlé ń fi ojú sọ fún mi pé kí n kérora. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ara sì ń ni mí lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè ṣe é, Bàbá.

Mo tú ìborùn mi, mo dúró sínú oòrùn pẹ̀lú orí mi tó ń dán. Mo ní, “Ìgbà yẹn, irọ́ ni mo pa, sà. Orí ìrẹsì ni mo sùn sí. Àìsàn tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ka ara ìgò.”

Ó gbé ìgò kan, ó kà á sókè: “Ìyá Ẹlẹ́rọ. Wọ́n ní kí n mu omi dáadáa.” Ó gbé òmíràn. “Onígbàjámọ̀. Ó ń retí orí mi.” Ó ka ti mọ́ṣáláṣí, ó ka ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó wá kan ti Àǹtí Ráfíà, mo dijú, torí mo ti kọ òtítọ́ síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀: “Láti Kétu. Epo yìí ti lọ, ó ti bọ̀.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní kí Màmá dìde. Ó kọjú sí Bọ̀dá Sùlé: “Ìwọ aláìnírònú, ta ní ń fi ohun tí wọ́n ta á lọ́rẹ pa mọ́?” Òun fúnra rẹ̀ ló to ìgò náà sí ẹsẹ̀ Màmá níwájú, níbi tí ojú gbogbo èèyàn á ti rí i. Ó pe àwọn tó wà níwájú lórí fóònù: “Píjò kan ń bọ̀. Aláìsàn tòótọ́ ló gbé. Ẹ má dá a dúró.”

Ó pè mí bẹ́ẹ̀, Bàbá, kò sì dùn mí.

A dé kí ó tó pẹ́ jù. Bí oògùn pupa yẹn ṣe ń wọlé, mo bi dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi bóyá irọ́ ló fà á. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí ibùsùn mi. Ó ní, “Tó bá jẹ́ irọ́ ló ń fà á, ọmọ mi, ibo la ti fẹ́ rí ibùsùn tó máa gba ará ìlú? Èmi gan-an á ti wà lórí ọ̀kan.” Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, imú mi dà sí aṣọ ọsibítù. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bínú sí yín mọ́. Díẹ̀ ló kù, nítorí aṣọ funfun yẹn.

Láti ìgbà náà, bí Ọ̀gá Alápàá bá ti rí Píjò lókèèrè, á pariwo, “Aláìsàn, ó ku mélòó?” Mo na ìka méjì sí i ní fèrèsé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo na ẹyọ kan. Àná ni mo gba ìkẹfà. Nígbà tí à ń bọ̀, ó tún bèèrè, mo di ẹ̀ṣẹ́, mo nà án síta, kò sí ìka kankan níbẹ̀. Ó dúró ṣinṣin, ó kí mi bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Màmá fún un ní ìgò kan tó kún fún ẹ̀pà yíyan, torí pé ẹ̀pà la fi ń dá gbogbo ìgò padà, a kì í dá a padà lófìfo. Ó mì í sétí. “Kò sí ìrẹsì nísàlẹ̀ ẹ̀?”

Kókó ti lọ, Bàbá. Wọ́n ní kí n máa wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n máa wò mí. Mo máa lọ. Irun mi ti ń hù, ó rọ̀ bíi ti òròmọdìyẹ. Ìgò Àǹtí Ráfíà nìkan ló kù sórí fèrèsé, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí bodè máa ṣí.

Ohun tí mo sọ lójú àwọn èèyàn nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo ti gbà á padà. Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀ bó ṣe wù yín. Mo ń fetí sílẹ̀.

Èmi ni, tí ara mi ti yá,
Aláìsàn yín.