Àwòrán Ìyá Olówó

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ara yín yóò le, ẹ̀yin tí ẹ dúró ti Màámi títí ẹ̀mí fi bọ́. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á tán, mo ká a, mo padà sídìí oúnjẹ. N kò lè sunkún. Ta ni mo fẹ́ sọ pé ó kú? Ọdún keje rèé tí mo ti fi ẹnu ara mi pa wọ́n nínú ilé yìí.

Nígbà tí mo fẹ́ wọlé ọkọ, mo ní òbí mi méjèèjì ti kú, pé olówó ni wọ́n. Bàbá wa tó ń rán bàtà, mo ní ilé iṣẹ́ bàtà ni wọ́n ní. Ìyẹn ṣì bá òtítọ́ tan díẹ̀. Ti Màámi ni n kò rí dárà sí. Ìyá ọkọ mi ní kí n mú àwòrán wọn wá. Mo lọ bá ayàwòrán kan, mo ra fọ́tò obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà: wúrà lọ́rùn, ojú rẹ̀ le. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó dojú kọ tábìlì oúnjẹ. Láti ìgbà náà, n kì í jẹun kí ojú obìnrin yẹn má wà lára mi.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Màámi wá mi wá. Ìyá ọkọ mi bi mí pé ta ni. Mo ní, "Alágbàfọ̀ ni, mà." Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ wa náà ni. Màámi wò mí, wọ́n wá kúnlẹ̀ kí ẹni tí wọ́n lè pè ní àbúrò. Wọ́n fọ aṣọ wa, wọ́n lọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n sọ fún mi pé, "Mo ti ṣe tán, màdámú. Ọmọ yín lẹ́wà." N kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà. Àwọn aṣọ náà ṣì wà bí wọ́n ṣe ká wọn. N kò lè wọ̀ wọ́n.

Lánàá, a ń jẹun àárọ̀, ọmọ mi kí àwòrán náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: "Ẹ káàárọ̀, màmá." N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbé àwòrán náà sọ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo ní n kò mọ obìnrin yìí rí; alágbàfọ̀ ọjọ́sí ni ìyá mi, wọ́n sì ti kú. Ọkọ mi ń wo àwo iwájú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyá rẹ lo jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún mi?" Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Wọn ò lé mi, wọn ò sì kí mi kú aráfẹ́rakù.

Èmi àti ọmọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì fún ìsìnkú Màámi. Ẹ jẹ́ kí n wọlé. Bí ẹ bá ní kí n jókòó sẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ ni n ó jókòó.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Àwọn ọmọ yín kò ní sẹ́ yín.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo.

Mo tún fẹ́ bi yín: bí Màámi bá sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ tí wọ́n wá, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Bí wọn kò bá sì sọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn náà.