Ọ̀rọ̀ Ipò Ẹni Mímọ́ tí Wọ́n Fẹ́ Fún Ìyá Sístà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé aya rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń lọ síléèwé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa yín, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ yóò máa fojú rere wò ọ́. Ara ìyá rẹ le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì ti ń fi ìyẹn yangàn pé òun mọ ìgbà òjò ju rédíò lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Ìyá Sístà, ọ̀gá iléèwé àwọn ọmọ akàndá, ẹni tó kọ́ àbúrò rẹ obìnrin níṣẹ́ aránṣọ kí ọlọ́jọ́ tó dé bá Ìyá náà. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di Ẹni Mímọ́. Mo rò pé ó ti wà nípò náà tipẹ́, àṣé wọn ò tíì fọwọ́ sí i ni. Fádà onígíláàsì kan wá láti ìlú ńlá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó ní àwọn àgbà ìjọ lókè òkun ló ń fọwọ́ sí i, àti pé ó ku iṣẹ́ ìyanu kan tí olóògbé náà ní láti ṣe. Mo ní obìnrin tó ṣiṣẹ́ títí tó fi kú, ṣé wọn ò lè ka èyí tó ti ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́ ni? Ó ní ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹnìkan ń bá a du ipò náà. Ìwọ tó o wà lọ́fíìsì, tó o mọ bí wọ́n ṣe ń ti fáìlì, mo fẹ́ sọ pé kó o bá wa wá ẹni tó mọ ẹnìkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ mi.

Fádà gbé fóònù lé orí tábìlì wa, ó ní ohun tí a bá sọ, àwọn àgbà lókè òkun yóò gbọ́ ọ. Mo bá ṣí fìlà, mo kí wọn, mo béèrè ará ilé wọn, mo sì dákẹ́ kí wọ́n lè dáhùn. Wọn ò dáhùn. Mo gbà pé ọwọ́ wọn dí. Mo wá sọ bí Ìyá Sístà ṣe fojú mi rí màbo nígbà tí mo ń kan àga fún un. Mo kan àga tó dọ́gba, ó ní kí n kó wọn padà, kí n wá wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú lè kan ilẹ̀, kí ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò dúró lè ríbi fi orí tì. Bí ọmọ kan bá ga sí i, ó tún di pé kí n máa bọ̀. Mo ní alágídí ni obìnrin náà. Àfi bí mo ṣe rántí pé fóònù ń gbọ́, mo bá sún mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fojú fo ìyẹn, ọ̀rọ̀ àga ló ń bí mi nínú.

Kí Fádà tó dé ni kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, ti wá bá mi. Ó ní bí àbúrò rẹ bá lè di tábìlì mú, kó dìde díẹ̀, kó sì sọ pé nígbà tí òun gbàdúrà níbi ibojì Ìyá Sístà ni ẹsẹ̀ òun le, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló máa ń tún ara ṣe bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Àbúrò rẹ ń gbọ́, ó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, kò sọ nǹkan kan. Mo gbà pé ó ti gbà.

Ìgbà tó kàn án, Fádà bi í pé ìgbà wo ló rí ìwòsàn. Ó ní ìwòsàn kí ni. Fádà ní ti ẹsẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun wà bó ṣe wà, pé Ìyá Sístà kò fìgbà kan gbàdúrà pé kí òun rìn, àdúrà tó ń gbà ni pé kí òun yéé rán kọ́là ẹ̀wù wọ́. Fádà na ọwọ́, ó pa fóònù. Ó ní òótọ́ lọ́rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ní gbà á, pé bí wọn ò bá rí ìyanu níbòmíì, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa dúró sí.

Inú bí mi, ọmọ mi. Nígbà tí Fádà lọ tán, mo bi àbúrò rẹ pé pẹ̀lú gbogbo oore Ìyá Sístà, ṣé ìdìde kékeré kan ló wá pọ̀ jù. Ó ní bí òun bá sọ pé ìwòsàn ni oore tó ṣe fún òun, àwọn tó kù níléèwé yẹn tí wọn ò dìde yóò rò pé wọn ò sí lára àwọn tí Ìyá Sístà fẹ́ràn. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó rí òun nígbà àkọ́kọ́, Ìyá Sístà nìkan ló wo ojú òun kó tó wo ẹsẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ náà ń sunkún, ó sì ń bú kátíkíìsì.

Nítorí náà, má wá ẹnikẹ́ni lọ́fíìsì mọ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn Ẹni Mímọ́ nígbà àdúrà, ìyá rẹ àti àbúrò rẹ sì ń dáhùn pé kó gbàdúrà fún wa. Kátíkíìsì gbọ́, ó ní kò bófin mu, wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Mo ní kó lọ fẹjọ́ sùn. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti lọ́yà ni, kó tó di pé wọ́n wá mú wa. Awakọ̀ tó bá ń bọ̀ nílé ni kó o fún, má gba inú fóònù fi í ránṣẹ́, mi ò fọkàn tán an mọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àtijáde àti àtiwọlé, ilé rẹ yóò tòrò, ọmọ rẹ kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìyá Sístà, Ẹni Mímọ́, yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ. Bírò ni mo fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ