Fọ́tò Yín Lára Ògiri Ayé Kẹta

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí àwọn ọmọṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù Agbowó.

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú. Bí mo bá ti ọsibítù dé, kò sí ẹni tí yóò kí mi kú iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi rọ̀ mọ́ ìyá òyìnbó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń pè mí jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní kí n yá òun ní fọ́tò yín, èyí tí ẹ yà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dúró tì yín láti gba aṣọ wọn. Inú mi dùn, mo fún un.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ojú yín lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gé ẹ̀rọ kúrò, wọ́n gé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Ojú yín tí ẹ fà ro nítorí oòrùn nìkan ló kù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí èèyàn fi aṣọ àlòkù ta Ayé Kẹta, ìyẹn àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, lọ́rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ fún gbogbo Agbowó! Mo wò ó, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì tẹ̀ lé ìyá náà lọ jẹun.

Mo bi olùkọ́ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ léèrè ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Ó ní ará Faransé kan ló kọ ọ́, nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ sápá kan, tí Rọ́ṣíà àti tirẹ̀ wà lápá kejì, bí wọ́n ṣì ti wà títí dòní. Àwọn tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni ló pè ní ẹ̀kẹta. Ó fi wọ́n wé àwọn mẹ̀kúnnù Faransé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ kẹta lẹ́yìn àwọn àlùfáà àti àwọn ìjòyè, tí a kò kà sí, tí wọ́n sì fẹ́ kí a ka àwọn náà kún èèyàn. Kì í ṣe pé wọ́n gba ipò kẹta. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni aráyé sọ ọ́ di orúkọ mìíràn fún òṣì.

Mo lọ sọ ọ́ fún ìyá náà lójú ìjọ. Mo ní aránṣọ ni ìyá mi, kò tọrọ aṣọ. Ó ní oore ni òun rò pé òun ń ṣe. Ó yọ fọ́tò náà, ó dá a padà ní gígé. Kò pè mí jẹun mọ́.

Ìyẹn kò dùn mí tó ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò náà. Nítorí ẹni tí yóò bá mi sọ̀rọ̀, mo fi yín sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ forí jì mí, Màmá.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, a ó fi ojú rí ara wa láyọ̀. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará Bódìjà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùkẹ́