Màámi, Ẹ Wá Wo Àná ní Adabraka

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, lẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù mi ní Adabraka nínú ìlú Accra, láàárín páálí bọ́tìnnì àti ìdì òwú. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni Mùkáílà ráyè ka lẹ́tà yìí sí yín létí, ẹ káàárọ̀ o. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni, ẹ kú alẹ́. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n di ilé wa mú láti ìgbà tí bàbá mi ti di olóògbé. Ọlọ́run á túbọ̀ dẹ ilẹ̀ fún bàbá mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti kúrò nílé, tí n kò tíì fojú kàn. Mo kí Mùkáílà àbúrò mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kó mi sínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí.

Òun ló sọ ọ́ ká gbogbo Ọ̀fà pé fíìmù Kòríà ti gba èrò orí mi, pé ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Ìlọrin, tí mo wá ń tẹ̀lé ọmọ Gánà kan tí kò mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé orí fóònù ẹbí, ó dé etí àwọn tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo wà láyé, gbogbo wọn wá ń fún mi nímọ̀ràn. Ó dára. Ẹjọ́ tí wọ́n rò níta gbangba, níta gbangba náà ni mo ti fẹ́ dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn lè gbọ́ àwíjàre. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, a kì í sá fún ìjàkadì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀: ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Àwọn aránṣọ tó wà láti ibí dé Circle, oríta ńlá tó wà nítòsí wa, ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù obìnrin Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ni wọ́n ti ń rí síìpù tí kì í já lẹ́yìn ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òjò ọdún yìí ni kò jẹ́ ká sinmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi kún Circle débi pé àwọn tó ń ta fóònù lẹ́bàá ọ̀nà ru ọjà wọn sórí, àwọn ọkọ̀ trotro tó ń kó èrò sì dúró sójú kan bí ewúrẹ́ tó rí omi. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oníbàárà kì í yọjú, fíìmù ló kù.

Mùkáílà kò parọ́ pé mo fẹ́ràn wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kò gbọ́ Twi, n kò gbọ́ Gá. Bí mo bá fẹ́ ra kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo wọn, mo máa ń nawọ́ sí i bí odi ni, màá sanwó, màá bá tèmi lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n pe ẹnì kan lórúkọ kí ó dá mi lóhùn. Mo lè sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí torí ó ti kọjá. Fíìmù Kòríà ni mo fi lé àdánìkanwà yẹn lọ, torí pé níwájú rẹ̀, èmi àti gbogbo ará Accra la jọ jẹ́ àlejò. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ la jọ ń kà.

Ìyá onílé mi ló kọ́kọ́ wá bá mi wò ó. Àgbàlagbà obìnrin Gá ni, ẹgbẹ́ yín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí òkè òkun, òun nìkan ló kù nínú ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́, ni mo bá di ògbufọ̀ rẹ̀. Ojú mi á ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu mi á sọ ọ́ ní Twi àti Gá tí mo ń já gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ààfin Kòríà ni mo ti kọ́ èdè Accra.

Èyí tí àwa méjèèjì fẹ́ràn jù ni ti àwọn tó ń rìnrìn àjò padà sí ayé àtijọ́, tí wọ́n ń lọ bá olólùfẹ́ pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí a wò nígbà ọyẹ́. Aránṣọ òde òní kan wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù, ó gbé ẹ̀wù àtijọ́ kan wọ̀, kó tó so ìgbàyà rẹ̀ tán, ó ti bá ara rẹ̀ ní àgbàlá ọba kan tó ti kú láti ayébáyé. Ìfẹ́ ọmọ ọba náà wá kó sí i lórí. Àwọn aránṣọ tí wọ́n bá wa wò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Obìnrin Ìnísà kan tó ń ta léèsì ní gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ ló ṣáájú rẹ̀, kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ; àwọn ọmọ ọwọ́ ààfin yẹn sì ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá aránṣọ náà, ṣé kì í ṣe kó máa kúnlẹ̀ kí wọn lórí ẹní báyìí? Ẹlòmíràn ní rárá o, ẹni tó ti mọ iná mànàmáná ni àgbà wọn. Ìyá onílé béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀yin Alata fi máa ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé kí ẹ tó béèrè ẹni tó nífẹ̀ẹ́. A rẹ́rìn-ín títí oníbàárà kan fi bínú lọ.

Mùkáílà ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni lóòótọ́, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń fà wá. Nínú fíìmù ìfẹ́ yòókù, àwọn méjèèjì kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ti òde òní lọ mọ̀ ní tirẹ̀. Ó ti kà á nílé ìwé pé àbúrò ọba yóò lé ọmọ ọba yẹn kúrò nílùú, kò sì ní padà wá mọ́. Ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀ fún un: kó bọ́ ẹ̀wù náà, kó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò bọ́ ọ. Ó jókòó, ó ń rán ẹ̀wù òtútù fún ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa lé. Ìfẹ́ afọ́jú kọ́ nìyẹn, Màámi. Ìfẹ́ tó lajú sílẹ̀ ni, òun ló ń mú kí obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ jókòó ti fóònù kó máa nu ojú.

Gàníyù náà wà níjókòó lọ́jọ́ tí a wo ìparí rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ kò tíì gbọ́ ìwà rẹ̀. Ọjà Abossey Okai ló ti ń ta iná iwájú ọkọ̀ àti dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Accra ni wọ́n bí i sí, Ìnísà ni bàbá àgbà rẹ̀ ti wá. Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. Kì í fi ayédèrú ọjà tan oníbàárà, ó ń kírun lásìkò, ó sì máa ń bá ìyá onílé gbé omi wọlé láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ó ní òun fẹ́ mi, èmi náà ní mo fẹ́ ẹ. Bàbá Kékeré ní ohun tí ẹ bá sọ ni àwọn yóò tẹ̀lé. Ẹnu yín nìkan la ń wò.

Ẹ rántí ọjọ́ tó pè yín láti kí yín. Mo ti kọ́ ọ ní ìkíni, ó ti há a sórí, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ohùn yín, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ló bá gbé èyí tó mọ̀ láti kékeré jáde, ó pè yín ní Auntie Rìsí. Níbí, ọ̀wọ̀ nìyẹn: Auntie ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ àgbà, inú àgbà á sì dùn. Ní tiwa, ìyá ìyàwó tí wọ́n bá pè lórúkọ, wọ́n ti tàbùkù rẹ̀. Ẹ gbé fóònù fún Mùkáílà. Ó ní ẹ kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ sọ pé ẹni tí kò mọ̀ pé a kì í pe ìyá ìyàwó lórúkọ kò lè fẹ́ ọmọ yín, àti pé ilẹ̀ tó lé ìyá kò gbọdọ̀ gba ọmọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dárúkọ Gàníyù, ẹ ó ní iná fóònù ti ń tán.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kejì yẹn ti wá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọdé ni yín nígbà tí ìjọba ìgbà yẹn ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Gánà, tí bàbá yín, Sàlámì tó ń ta abọ́ tánganran, palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ìdájí, tí wọ́n kó yín sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ọ̀fà, ìlú tí ẹ kò rí rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sọ ọ́ fún wa. Adabraka tí ẹ dárúkọ lọ́jọ́ náà ló mú kí n wá ṣọ́ọ̀bù síbí. Èmi kò gbàgbé ìtàn yẹn, Màámi. Mo mọ bó ṣe parí, mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ lè tún ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, Gàníyù ni mo fẹ́ jókòó tì. Ojú mi là sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti orúkọ yẹn, ẹ kò tíì béèrè ibi tí Gàníyù ti rí i. Èmi kò pè yín ní Rìsí rí. Rìsíkátù ló wà lórí ìwé yín, Ìyá Múínà sì ni gbogbo ayé ń pè yín. Ẹnu ìyá onílé mi ló ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí fíìmù aránṣọ yẹn parí, bí ọmọ ọba ṣe ń lọ tí kò bojú wẹ̀yìn, ìyá onílé bú sẹ́kún. Ó ní báyìí ni ọ̀rẹ́ òun ṣe lọ, ọmọ Alata kan nílé kejì, Rìsí. Ó ní àwọn jọ máa ń ṣe ampe, eré àtẹ́wọ́ àti fífò tí àwọn ọmọbìnrin ibí ń ṣe, àti pé ẹsẹ̀ òsì ni Rìsí máa ń nà síwájú ṣáá, ìyẹn ni òun fi ń borí rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Màámi, ta ló kọ́ wa ní eré yẹn ní àgbàlá wa l'Ọ́fà, tí àwa ọmọ máa ń fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Mo béèrè orúkọ bàbá Rìsí. Ó ní Sàlámì, alábọ́.

Ìyá onílé ni mo máa ń pè é bí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀, torí ẹ kọ́ mi pé a kì í pe àgbà lórúkọ. Korkor ni orúkọ rẹ̀.

Gàníyù gbọ́ Rìsí, Rìsí, lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Orúkọ tí Korkor fi ń pè yín ló gbé wá bá yín lórí fóònù. Àṣìṣe ni, ó sì ti tọrọ àforíjì títí ó fi sú mi. Èmi náà ti fẹ́ sọ ti Korkor fún yín lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìkíni, ẹ kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì. Ṣé ìbínú nìkan ni kò jẹ́ kí ẹ jẹun? Àbí ó ti pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni ti pè yín bí ọmọdé tí kò tíì jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni?

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi ti wo iwájú mi, ó dára lójú mi. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ má fi ìbẹ̀rù wò ó. Kò sí ẹ̀wù tí a lè wọ̀ kó gbé wa dé àná, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì wà l'Ékòó tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, tó ń gba Lomé dé Accra. Ẹ jẹ́ kí Mùkáílà mú yín wá. Ẹ wá fi ojú ara yín wo Gàníyù. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ní rárá, mo máa gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo yàn, mo sì mọ ìyá mi, ẹ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Korkor ní méjì péré ni ẹ̀yin àti òun, pé òwe yẹn kò kàn yín. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdájí tí ọkọ̀ yín lọ, ilẹ̀ tó ṣú ló dá eré dúró, ẹ sì jọ ṣàdéhùn pé ẹ ó parí rẹ̀ lọ́la. Ó ní kí n jíṣẹ́ yìí fún yín gẹ́lẹ́ bó ṣe rán mi: Rìsí ló kàn láti fò.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ ọ̀nà, ẹ ó rí ọmọ ọmọ gbé pọ̀n. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré àti gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Kí Mùkáílà ka ìlà tó ṣáájú àdúrà yìí sí yín létí lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì lọ máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wọ̀nà fún yín ní Adabraka,
Múínátù