Kọ̀ǹpútà Funfun Tí Bọ̀dá Múfú Yàn fún Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí mò ń bínú sí lónìí,

Mi ò ní kí yín kíkí gígùn. Ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ṣí. Àwọn ará Bouaké ṣì ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù Anago oníyàwòrán, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń fi ìka kan gbé àgbọ̀n oníbàárà sókè díẹ̀, tí ẹ ó sì wúkọ́ kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà. Èmi náà ti ń wúkọ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ikọ́ kankan ò ṣe mí.

Ilé iṣẹ́ òwú kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, gbé iṣẹ́ fún mi: kí n ya gbogbo òṣìṣẹ́ wọn pọ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ tóbi tó ògiri, kí ojú oníkálukú sì hàn kedere. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín kò lè gbé e. Bọ̀dá Múfú ni mo mú dání lọ ra òmíràn, torí òun ni ọmọṣẹ́ yín àgbà, ẹ sì ti kìlọ̀ fún mi lórí àìsàn tó gbé yín lọ pé ohun tó bá sọ nípa iṣẹ́, kí n má jiyàn.

Àpótí kọ̀ǹpútà dúdú kan ni ojú mi lọ sí ní ọjà Commerce. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti họ, àmọ́ mẹ́mọ́rì inú rẹ̀ pọ̀, ó ṣeé ṣí, a sì lè fi kún un tó bá yá. Bọ̀dá Múfú yínmú sí i. Ó ní funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, ló yẹ ọmọ obìnrin. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn yín ni mò ń gbọ́ létí. Mo ra funfun.

Mo ya àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n yọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí àwòrán náà, kọ̀ǹpútà á dákú. Èyí tí mo bá sì rí tẹ̀, àwọ̀ wọn á pọ́n bí ẹni tó fi osùn para. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní wọ́n ti jó mẹ́mọ́rì rẹ̀ mọ́nú, kò sí ibi tí a ti lè fi kún un. Ilé iṣẹ́ dúró títí, ó sú wọn, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Bọ̀dá Múfú kó lè bá mi dárò. Àṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Ó ti tún àwọn òṣìṣẹ́ náà yà, àpótí dúdú yẹn sì ń bẹ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó họ. Kò tijú. Ó fún mi ní àga, ó ra omi fún mi, ó wá ní ẹ̀yin lẹ rán òun. Pé ẹ ní kí òun jẹ́ kí iṣẹ́ sú mi fúnra mi, kí n lè jókòó sílé ọkọ, kí òun sì gba ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Ta ló fi pẹ́ńsù lé mi lọ́wọ́ ní kékeré, tó kọ́ mi bí a ti ń tún ojú ènìyàn ṣe lára fíìmù? Ta ló ń fi iṣẹ́ mi yangàn fún àwọn oníbàárà tó bá wá láti ìlú Botro? Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n ṣe é, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n? Bọ̀dá Múfú dalẹ̀ mi, mo lè gbé ìyẹn mì. Tiyín ni kò gba ọ̀fun mi kọjá.

Mo ti ta funfun náà. Mo ti ra àpótí mìíràn, kò rẹwà, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọlọ́dà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti tún bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù kọ. Bó bá jẹ́ pé Bọ̀dá Múfú parọ́ mọ́ yín ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún mi lójú àlá kí ọjọ́ náà tó pé. Bí mi ò bá rí yín, orúkọ tèmi nìkan ni màá ní kó kọ, kò ní sí tiyín níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ń tètè wọlé sùn nítorí yín.