Orúkọ Bàbá Nínú Fọ́ọ̀mù Wa

                                        Agboolé Dosu,
                                        Erékùṣù Topo,
                                        Badagry.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọmọ́níyì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Otto? Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Àyà tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Afeezat tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Bá mi kí i o. Ara wa le níbí, ọkàn mi ló bàjẹ́.

O mọ̀ pé fòníkú-fọ̀la-dìde ń yọ Tiwalolúwa lẹ́nu, ọmọbìnrin Démọ́lá ẹ̀gbọ́n wa. Nígbà tí àwọn tó ń kọ orúkọ aláìní dé, wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló máa bá wa gba nǹkan mẹ́ta: owó oṣooṣù, ìrẹsì, àti káàdì ìwòsàn ọ̀fẹ́. Èmi ọ̀mọ̀wé yín ni mo bá ìdílé márààrún inú agboolé kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti bi wá pé ta ni olórí ilé, orúkọ Bàbá àgbà ni mo kọ fún gbogbo wa. Ta ló máa pe ara rẹ̀ lólórí nígbà tí Bàbá ṣì wà láyé? Àfojúdi kọ́ nìyẹn?

Àṣé mo ti bà á jẹ́. Ẹ̀rọ wọn ka gbogbo wa sí ìdílé kan, ó mú orúkọ mẹ́fà tí wọ́n fàyè gbà fún ìdílé kan, ó da ìyókù nù. Tiwalolúwa wà lára àwọn tó dà nù. Kò sí ìrẹsì, kò sí owó, kò sí káàdì, eegun sì ń ro ọmọ ọlọ́mọ ṣáá. Mo sunkún títí, Ọmọ́níyì.

Wọ́n ní àfi kí Bàbá fúnra rẹ̀ wá sọ pé a kì í ṣe ará ilé òun. Bí Bàbá ṣe gbọ́, ó ní ká wá ọkọ̀ ojú omi. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dáhùn pé, "Kì í ṣe ará ilé mi," ó sì ń tẹ̀ka. Nígbà tó kàn mí, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìkan ló ń dá gbé.

Káàdì ti jáde, ọmọ ti ń lo oògùn, ó ti ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í bá wa jẹun mọ́. Lánàá, mo ní kí Tiwalolúwa gbé ẹ̀kọ lọ fún un. Bàbá wò ó, ó ní, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?"

Ọpọlọ rẹ̀ pé o. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé. Orúkọ tìrẹ nìkan ni wọn ò kà sí i létí, torí o ò sí nílé nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù; bóyá ó máa bá ìwọ jẹun.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Ọláfúnkẹ́.