Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Agbọ́kèèrè ní Sábó

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà nìyẹn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìkí ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń gbèrò lẹ́tà yìí. Màá jókòó ti tábìlì, màá mú bírò, kí n tó mọ̀, mo ti dìde lọ fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Ara Màámi le. Wọ́n ṣì máa ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láràárọ̀, wọ́n á gbá ibẹ̀, wọ́n á nu àwọn rédíò tí ẹ ò tíì tún ṣe, wọ́n á sì tún tì í. Àwọn tó ni rédíò ti ń wá kó tiwọn, ó ku ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni ò wá béèrè. Ọ̀pá yín ńkọ́? Ọ̀dọ̀ mi ló wà níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ yín ni mo gbé e, mo fi ìró wé e, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Màámi ti wá a títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo ti fi ọ̀pá yẹn ṣiṣẹ́, Bàbá. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo dúró ti tẹlifíṣọ̀n bí ẹ ṣe máa ń dúró, mo sì túmọ̀ fíìmù Agbọ́kèèrè fún odidi ilé fídíò kan ní Sábó níbí.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é? Bí wọ́n bá ti ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ ní ilé fídíò tó wà lẹ́yìn ilé wa, ẹ̀yin á dìde, ẹ á fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ẹ á wá máa túmọ̀ èdè òyìnbó inú fíìmù sí Yorùbá, ẹnu yín á máa yá ju ti àwọn tó wà nínú fíìmù gan-an lọ. Ẹ á sunkún fún obìnrin, ẹ á bú ramúramù fún ìkà, ẹ á húkọ́ bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Àwọn ilé fídíò mìíràn wà ládùúgbò, àmọ́ ti ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń jókòó sójú fèrèsé. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé òyìnbó tí ẹ gbọ́ ò ju "gúdù mọ́níìn" lọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Agbọ́kèèrè ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mi ò tíì rí ẹni tó rántí orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Èyí tí ẹ̀yin sọ ọ́ ló mọ́ ọn lórí. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ aṣọ búlúù, tó de bẹ́líìtì funfun, tí etí rẹ̀ máa ń gbọ́ ẹkún ẹni tó wà ní ìlú méje sí i, tó sì máa ń sáré débẹ̀ kí omijé tó kán sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé mi kì í dédé fẹ́ràn àwọn alágbára inú fíìmù. A ti jà lórí wọn títí. Ẹni tí ọta ìbọn ò lè wọ̀ lára, akin wo ló ṣe? Àwọn tó ń da aṣọ gbọọrọ sẹ́yìn kí wọ́n tó fò, ṣé wọn ò tíì rí ibi tí agbádá ti há sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rí ni? Àwọn ọ̀tá wọn náà ò gbọ́n. Dípò kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n máa lọ, wọ́n á dúró, wọ́n á máa ṣàlàyé. Ẹ̀yin á máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ á ní mo ti le jù. Àmọ́ bí ẹnì kan bá gbá Agbọ́kèèrè, ó máa ń dùn ún. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé kẹta ni mo wà ní girama lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sítòsí tẹlifíṣọ̀n, tí mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an. Ní ìparí fíìmù, bàbá Agbọ́kèèrè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ wà lọ́nà jíjìn, níbi tí afárá kan ti ń wó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ariwo yẹn, kò gbọ́ ti bàbá rẹ̀. Ìgbà tó máa fi dé, bàbá ti kú. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn, fíìmù parí. Àmọ́ ẹ̀yin ti ń sọ fún gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó gbọ́, pé ó bá a láyé, pé oorun ni bàbá ń sùn. Èjìká ọmọ ti bo ojú bàbá, kò sẹ́ni tó lè rí i pé ẹnu rẹ̀ ò mì. Ẹ á fi ọ̀pá tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ á yí ohùn sí ti arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ á ní: "Ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀rín á sọ, àtẹ́wọ́ á gba gbogbo ilé. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi èmi náà nìyẹn, kí n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bi yín ìdí tí ẹ fi yí i padà. Ẹ tẹ́ pátákó dráfù sílẹ̀, ẹ to àwọn ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò sórí rẹ̀, ẹ ní èmi ni kí n kọ́kọ́ ta. Mo ta, ẹ sì jẹ mí ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé torí Bàbá àgbà ni, tí wọ́n kú nígbà tí ẹ wà ní Gánà, tó jẹ́ pé wọ́n ti sin wọ́n tán kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ yín? Màámi ló sọ ìyẹn fún mi, wọ́n sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin ò sọ ọ́ rí.

Alàájì tó ni ilé fídíò ní Sábó ló fa ti Sátidé. Ará Òkè Ọya ni wọ́n, àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti gbọ́ yín rí nígbà tí ọjà gbé wọn dé Ọ̀yọ́. Wọ́n wá bá mi nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. "Tíṣà, bàbá ẹ ti lọ, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ìwọ gbọ́ òyìnbó. Wá túmọ̀ Agbọ́kèèrè fún àwọn èèyàn mi." Mo kọ̀. Wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà. Mo gbà, àmọ́ kì í ṣe torí àlùbọ́sà. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ ohùn yín, kódà kó jẹ́ láti ẹnu èmi fúnra mi.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ọ̀rọ̀ náà dé yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá yẹn? Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n o, òpùrọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n. Mo ti wo fíìmù yẹn ní Ìbàdàn. Iwájú ni mo máa jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà. Bí o bá fi irọ́ ẹyọ kan lé e, màá dìde, màá sọ fún wọn." Mo ní kó tètè wá kó lè rí àyè. Láti ọjọ́ Àlàmísì yẹn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, èmi ọmọ yín ni mo pè yín ní òpùrọ́ lójú àwọn tó ń fi yín yangàn. Bí mo bá sọ tiyín, òun ni yóò pè yín bẹ́ẹ̀, lójú àwọn òbí ọmọ tí mò ń kọ́.

Ohun kan sì wà tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàó ò mọ̀, tí mi ò tíì sọ fún Màámi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kú, lọ́jọ́ Àlàmísì, dẹ́rẹ́bà tó máa ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi nílé ìwé. Ó ní ara yín ò yá, ẹ ní kí n máa bọ̀. Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí mi? Ẹ á ní àyà ń dùn yín, màá sáré wálé, màá bá yín lórí ẹní, ẹ ti to dráfù sílẹ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín mi. Mo ní tèyí náà nìyẹn. Mo ní kó sọ fún yín pé ó di ọjọ́ Sọ́ńdè. Fíìmù alágbára tuntun kan ti dé sọ́dọ̀ Alàájì, Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbé e sí i. Mo lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mò ń jẹ ẹ̀pà, mò ń bú ọkùnrin kan tó so aṣọ gbọọrọ mọ́ ọrùn, ẹ̀yin ń kú lọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin yín, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, iyẹ̀pẹ̀ pupa ti wà lẹ́yìn ilé. Èrò kún ilé, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ pè mí, mi ò gbọ́. Ó dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì Agbọ́kèèrè bọ inú ẹ̀rọ. Ilé kún dẹ́nu, àwọn obìnrin lápá kan, àwọn ọkùnrin lápá kejì. Ìyá Ráfátù wà níwájú, ìyá àgbà tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa, tí ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo lọ sí Líbíà tí kò sì kọ lẹ́tà láti ọdún mélòó kan wá. Wọ́n sọ fún mi rí pé torí ìparí Agbọ́kèèrè yín ni wọ́n ṣe máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó jókòó níwájú lápá àwọn ọkùnrin, ó káwọ́ gbera. Mo fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ohun tí òyìnbó sọ, mo kàn fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó ń màákì ìwé, kò rí ibì kan mú.

A dé ibi afárá. Mo sọ pé ó ń sáré. Mo sọ pé ó ń bọ̀. Mo sọ pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wọlé, ó ti kúnlẹ̀. Ẹnu mi wá pa dé. Mo fẹ́ sọ pé bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Mo fẹ́ sọ pé oorun ni, ìyẹn náà ò jáde. Kò sí Agbọ́kèèrè lójú mi mọ́, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé ni mò ń rí.

"Hàbà, Tíṣà, sọ̀rọ̀ o!" Alàájì ló pariwo láti ẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó dìde dúró, ó yíjú sí àwọn èèyàn.

Kó tó lanu, Ìyá Ráfátù sọ ọ́. Wọn ò yíjú, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń wo bẹ́ẹ̀dì inú tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé o ti jẹun?" Ọkùnrin kan lójú fèrèsé gbè é. Àwọn obìnrin gbè é. Àwọn alálùbọ́sà fi ohùn Òkè Ọya gbè é, àtàwọn tó ti gbọ́ yín rí, àtàwọn tí kò gbọ́ yín rí tí ẹlòmíràn ti kọ́. Gbogbo ilé, Bàbá, ní ohùn arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí: "Ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Mo rí ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Àlàó tó mì, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ó rọra jókòó padà.

Mo sunkún níbẹ̀, wọ́n rò pé fíìmù ni. Níta, Ìyá Ráfátù di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. Bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ lo ṣe é." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé ọ̀pá yín padà fún Màámi, màá sì jẹ́wọ́ ti dẹ́rẹ́bà fún wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, àmọ́ màá sọ ọ́. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìbọ́ bàtà, mo fa ìkòkò ẹ̀wà tí mo ti sè láti àárọ̀ tí mi ò lè fọwọ́ kàn, mo fi àlùbọ́sà Alàájì sí i, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mo ti jẹun, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ kó tó dé, tó sì fẹ́ràn yín títí.